Láti Àkúrẹ́ dé Lọ́ńdọ̀nù: Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Òfurufú, Jíjìn Wọn àti Wákàtí Tí Wọ́n Ń Gbà

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ Google bí Èkó ti jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù tó, ìdáhùn tí yóò kọ́kọ́ yọ ni pé nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni, àti pé wákàtí 6 ààbọ̀ ni ọkọ̀ òfurufú fi ń rìn ín. Ìdáhùn náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tíì tán ìbéèrè ẹni tó ń gbé ní Àkúrẹ́. Ẹni tó jí ní Ìjàpọ̀ tàbí ní ẹ̀bá Ọjà Ọba ní láti kọ́kọ́ dé Èkó tàbí Àbújá, kí ó tò, kí ó dúró, kí wọ́n yẹ ẹrù rẹ̀ wò, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí 6 ààbọ̀ tí Google ń sọ. Nígbà tí ó bá sì gúnlẹ̀ tán, ilé ọmọ rẹ̀ lè jìnnà sí pápákọ̀ tó bí Àkúrẹ́ ṣe jìnnà sí Iléṣà.

Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni ìyàtọ̀ yìí hàn sí mi kedere. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màámi Àgbà, ń lọ bá ọmọ wọn obìnrin wẹ ọmọ tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù. Èmi ni wọ́n ní kí n wá tíkẹ́ẹ̀tì tó dínwó, mo sì rí ọ̀kan: ọkọ̀ òfurufú méjì ni, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ ní ìlú kan ní ìhà ìlà-oòrùn láti wọ èkejì, owó rẹ̀ sì rẹlẹ̀ gan-an sí ti ọkọ̀ tó ń lọ tààrà. Owó ni mo wò, n kò wo aago. Wákàtí 14 ni wọ́n lò lókè, wákàtí 9 ni wọ́n sì fi jókòó sórí àga irin ní pápákọ̀ tí wọn kò ti gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a ka ti ojú títì Àkúrẹ́ sí Èkó, ti ìdúró ní Ìkẹjà àti ti ọkọ̀ ojú irin lọ́hùn-ún mọ́ ọn, wákàtí 38 ló ti kọjá kí wọ́n tó wọ ilé ọmọ wọn. Ọmọ náà ya fọ́tò ẹsẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ méjèèjì ti wú, ojú ibi tí okùn sálúbàtà gbà kọjá sì jìn wọlé bí ìlà tí ìka fà sórí àmàlà.

Wọn kò bá mi wí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kí n tó gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn lórí tíkẹ́ẹ̀tì, mo máa ń fi ọ̀nà kan wé èkejì láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ilé. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín fún àwọn ará Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti agbègbè wa gbogbo tí ọmọ tàbí ẹbí wọn wà lọ́hùn-ún.

Bí wọ́n ṣe ń wọn jíjìn náà

Jíjìn tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ láàárín pápákọ̀ méjì kì í ṣe ti ojú ọ̀nà mọ́tò. Bí ẹ bá mú ọsàn kan, tí ẹ ki abẹ́rẹ́ méjì bọ̀ ọ́ ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹ sì fa òwú láti ara ọ̀kan dé ara èkejì kí ó le dan-in lórí èèpo ọsàn náà, ibi tí òwú náà gbà ni ọ̀nà tó kúrú jù lọ. Irú òwú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fà lórí ayé láti Pápákọ̀ Òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ló sì jẹ́ nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Láti Àbújá dé Heathrow, ó jẹ́ nǹkan bí 4,770, nítorí pé Àbújá ti wà lókè díẹ̀ sí ìhà àríwá. Láti Èkó dé Gatwick, tí í ṣe pápákọ̀ kejì tí àwọn èèyàn wa ń lò ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi nǹkan bí 40 kìlómítà péré dín sí ti Heathrow, ìyẹn kò sì tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ yan tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọkọ̀ òfurufú ńlá tó bá ti gun òkè tán máa ń sá tó nǹkan bí 900 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Bí a bá fi 900 pín 5,000, wákàtí 5 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 33 ni yóò jáde. Wákàtí kan tó kù wà nínú yíyí tí ọkọ̀ ń yí lórí ilẹ̀ kí ó tó gbéra, nínú gígun òkè díẹ̀díẹ̀, nínú sísọ̀kalẹ̀, àti nínú pípòòyì lókè Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ọkọ̀ bá pọ̀ jù fún Heathrow tí wọ́n sì ń mú wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí mo fi ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi kìlómítà nìkan ṣírò wákàtí: gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá balẹ̀ láàárín ọ̀nà tí èèyàn sì tún wọ òmíràn, irú wákàtí kan bẹ́ẹ̀ tún kún un, kí a má tíì sọ ti ìdúró.

Ẹ̀fúùfù náà ní ipa tirẹ̀. Lókè réré tí ọkọ̀ ń gbà ní ìhà àríwá ayé, ẹ̀fúùfù líle kan wà tó máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ẹni tó ń lọ sí New York láti Èkó ń kojú rẹ̀ ní àlọ, nígbà tí ó bá sì ń bọ̀, ẹ̀fúùfù náà ń ti ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí àlọ fi máa ń pẹ́ ju àbọ̀ lọ. Ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé láti gúúsù sí àríwá ni, ẹ̀gbẹ́ ni ẹ̀fúùfù náà ti ń fẹ́ lu ọkọ̀, àlọ àti àbọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ohun tó lè mú un gùn lójijì ni kí orílẹ̀-èdè kan tó wà lójú ọ̀nà ti òfurufú rẹ̀ pa. Ọ̀nà wa ń gba orí Niger, ó ń gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà ní Algeria, ó ń ré Òkun Mẹditaréníà kọjá, kí ó tó gba orí ilẹ̀ Faransé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwọn sójà gba ìjọba ní Niger ní 2023, wọ́n ti òfurufú ibẹ̀ pa ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án. Ní gbogbo àkókò náà, àwọn ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ ní láti yí po gba ibòmíràn. Èkó kò kúrò níbi tó wà, Lọ́ńdọ̀nù kò sì kúrò, síbẹ̀ wákàtí gùn sí i.

Ọkọ̀ tó ń lọ tààrà àti ọkọ̀ tó ń dúró lọ́nà

Àwọn ọ̀nà tí àwọn èèyàn wa sábà máa ń gbà láti Èkó ni mo tò síhìn-ín. Kìlómítà inú rẹ̀ jẹ́ ti òwú tí mo ṣàlàyé lókè yẹn, wákàtí inú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìgbà tí ọkọ̀ fi wà lókè nìkan, láìka ìdúró mọ́ ọn.

| Ọ̀nà láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù | Kìlómítà (nǹkan bí) | Wákàtí lókè (nǹkan bí) |
|---|---|---|
| Tààrà | 5,000 | 6 ààbọ̀ |
| Nípasẹ̀ Casablanca, Mòrókò | 5,280 | 8 |
| Nípasẹ̀ Istanbul, Tọ́kì | 7,090 | 10 ààbọ̀ |
| Nípasẹ̀ Káírò, Íjíbítì | 7,470 | 10 ààbọ̀ |
| Nípasẹ̀ Addis Ababa, Etiópíà | 9,840 | 13 |
| Nípasẹ̀ Doha, Qatar | 10,770 | 14 |

Ẹ wo ìlà kejì dáadáa, nítorí pé òun ni àwọn èèyàn kì í kà sí. Casablanca fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó gba ibẹ̀ fi nǹkan bí 280 kìlómítà péré kún ìrìn rẹ̀, bí ìgbà tí ará Àkúrẹ́ tó ń lọ sí Èkó bá gba Oǹdó àti Orẹ dípò Iléṣà àti Ìbàdàn: ọ̀nà yàtọ̀, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ojú ń kọ. Láti Èkó dé ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí wákàtí 4 ààbọ̀, láti ibẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù sì jẹ́ wákàtí 3 àti díẹ̀. Bí ìdúró àárín kò bá ju wákàtí 3 lọ, gbogbo rẹ̀ lè parí láàárín wákàtí 11. Fún ọ̀dọ́ tó ń lọ kàwé, tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ọ̀nà yìí ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń ṣọ́ níbẹ̀ ni aago ìdúró, nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn lè ní kí èèyàn dúró di ọjọ́ kejì, èrè tó wà nínú pé ó súnmọ́ yóò sì wọmi.

Doha kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kìlómítà rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti ọ̀nà tààrà lọ. Ó dà bí ẹni tó ń lọ sí Èkó láti Àkúrẹ́ tó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ yà ní Lọ́kọ́ja. Addis Ababa náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: wákàtí 5 ni èèyàn fi ń lọ sí ìlà-oòrùn, kí ó tó wá fi nǹkan bí wákàtí 8 padà gòkè lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Istanbul àti Káírò wà láàárín. N kò sọ pé àwọn ọ̀nà yìí kò dára. Ọkọ̀ ibẹ̀ tóbi, oúnjẹ wà, iye ẹrù tí wọ́n ń gbà lè pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì lè rẹlẹ̀ débi tí ìyàtọ̀ rẹ̀ yóò san owó oṣù kan nílé tí ọmọ ń gbé. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò ní ẹnikẹ́ni tó ń kánjú retí rẹ̀, lè gbà á láìsí ìyọnu. Ṣùgbọ́n fún ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ń dá lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi kò tún ní bá ẹnikẹ́ni rà á mọ́.

Ó yẹ kí n sọ apá kejì rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ìfiwéra tí kò bá dọ́gba lè ṣi èèyàn lọ́nà. Jíjókòó sójú kan fún ohun tó ju wákàtí 4 lọ máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rọra rìn ní ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì níbẹ̀, pàápàá fún àgbàlagbà àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ. Nítorí náà, ìdúró wákàtí 2 tàbí 3 láàárín ọ̀nà, níbi tí èèyàn ti lè rìn, kí ó na ẹsẹ̀, kì í ṣe ìfìyàjẹni fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó gba ọkọ̀ tààrà náà gbọ́dọ̀ máa dìde rìn láàárín àga, kí ó sì máa mu omi. Ìwọ̀n ìdúró tí mo rí pé ó dára jù ni láti wákàtí 2 dé 4. Bí kò bá tó wákàtí kan àti ààbọ̀, tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì pẹ́ díẹ̀, èkejì lè lọ. Bí ó bá ti kọjá wákàtí 6, ó ti di ìyà fún àgbàlagbà.

Àwọn kan ń béèrè nípa gbígba Paris tàbí Frankfurt kọjá, torí pé lójú àwòrán ayé wọ́n wà lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Lóòótọ́, Èkó sí Paris jẹ́ nǹkan bí 4,720 kìlómítà, láti ibẹ̀ dé Heathrow kò sì ju nǹkan bí 350 lọ, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀nà tààrà. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àwọn ìjọba Schengen (àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, bíi Faransé àti Jámánì) ń béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ ọmọ ìlú wọn, àní bí onítọ̀hún kò bá jáde kúrò nínú pápákọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà bóyá ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yọ yín sílẹ̀, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Èkó tàbí Àbújá

Lórí òfurufú, Àbújá ni ó borí, nítorí pé ó fi nǹkan bí 230 kìlómítà súnmọ́ Lọ́ńdọ̀nù ju Èkó lọ, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ó sì tún ní àǹfààní mìíràn tí àwọn arìnrìnàjò fẹ́ràn: pápákọ̀ ti abẹ́lé àti ti òkèèrè wà nínú ọgbà kan náà. Ní Ìkẹjà, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òfurufú láti Àkúrẹ́ yóò gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ ti abẹ́lé, yóò kó ẹrù rẹ̀, yóò sì wá mọ́tò tí yóò gbé e lọ sí ti òkèèrè. Ọ̀nà náà kò jìn, ṣùgbọ́n sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kò mọ ọ̀nà tí kò jìn.

Àmọ́ ará Àkúrẹ́ kò lè fi ìṣẹ́jú 15 ra ohun tí ojú títì yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti Àkúrẹ́ sí Èkó jẹ́ nǹkan bí 300 kìlómítà lójú títì, èèyàn sì lè yan láàárín ọ̀nà Ìbàdàn àti ọ̀nà Orẹ. Láti Àkúrẹ́ sí Àbújá lé ní 400 kìlómítà, ó ń gba Ọ̀wọ̀, Okene àti Lọ́kọ́ja kọjá, kò sì sí ọ̀nà kejì tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ìròyìn àwọn ajínigbé tó ti ń jáde láti apá ibẹ̀. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gba ibẹ̀ lálẹ́ nítorí tíkẹ́ẹ̀tì. Èkó ni mo yàn, àfi fún ẹni tó ní ẹbí ní Àbújá tó sì fẹ́ lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kí ó tó gbéra.

Ìbéèrè tó kù ni bóyá kí èèyàn wọ mọ́tò tàbí ọkọ̀ òfurufú láti Àkúrẹ́ dé Èkó. Pápákọ̀ wa ní ìhà Ọba-Ilé kò jìnnà sí ìgboro, Èkó lójú òfurufú kò sì ju nǹkan bí 230 kìlómítà lọ. Kì í tó wákàtí kan lókè. Lójú títì, bí ọ̀nà bá dára, wákàtí 5 sí 6 ni, ó sì lè di 8 tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ní ibi kan. Ẹni tó bá wo èyí yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà tí mo máa ń rán èèyàn létí.

Èkíní ni ẹrù. Tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù sábà máa ń gba báàgì kílò 23, nígbà mìíràn méjì. Ọkọ̀ abẹ́lé sábà máa ń gba 20 kílò péré. Màmá tó di èlùbọ́, gààrí, ẹ̀gúsí àti aṣọ ọmọ tuntun sínú báàgì ńlá méjì yóò san owó àfikún ní Àkúrẹ́ lórí ẹrù tí Lọ́ńdọ̀nù ti gbà fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti rí ìyá kan tó tú báàgì rẹ̀ sílẹ̀ níwájú òṣùwọ̀n, tó ń yan láàárín ọ̀rá ẹ̀gúsí àti ìdì aṣọ òkè, tí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń kùn. Èkejì ni ọyẹ́. Láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì, kùrukùru ọyẹ́ lè bo ojú ọ̀run débi tí ọkọ̀ kò ní lè gbéra, ọkọ̀ tó ń jáde ní Àkúrẹ́ kò sì pọ̀ tí èèyàn yóò fi sọ pé òun á wọ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta, tó ṣe pàtàkì jù, ni pé tíkẹ́ẹ̀tì Àkúrẹ́ sí Èkó àti tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́, ti èkejì kò ní dúró, wọn kò sì jẹ ẹ ní gbèsè kankan. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ fò láti Àkúrẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí ó sùn ní Èkó. Ẹni tó bá gba ojú títì, kí ó kúrò nílé ní ìdájí, kí ó lè ní wákàtí bíi mélòó kan lọ́wọ́ fún ohun tí kò retí.

Heathrow tàbí Gatwick

Àwọn ọkọ̀ British Airways àti Virgin Atlantic láti Èkó ń gúnlẹ̀ sí Heathrow. Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó sí Gatwick ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2024. Wákàtí òfurufú wọn kò yàtọ̀, nítorí náà ibi tí ilé wà ni kí ẹ wò. Heathrow wà ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, Gatwick sì wà ní gúúsù, lẹ́yìn ìlú. Bí ọmọ yín bá ń gbé ní Peckham tàbí ní gúúsù, Gatwick ló rọrùn, torí pé ọkọ̀ ojú irin ń gbé èèyàn wọ àárín ìlú láti ibẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. Bí ó bá sì jẹ́ Woolwich tàbí Abbey Wood, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí lẹ́bàá Thamesmead, ọ̀nà irin Elizabeth, tí wọ́n ṣí ní 2022, ní ọkọ̀ tó ń lọ láti Heathrow dé ibẹ̀ láì jẹ́ kí èèyàn sọ̀kalẹ̀ wọ òmíràn. Fún ẹni tó ń fa báàgì méjì, àìsọ̀kalẹ̀ yẹn tó wákàtí kan ìsinmi.

Jíjìn náà tún ní owó lórí. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bí ìrìn bá ju 3,500 kìlómítà lọ, tí ọkọ̀ sì fi wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ dé nítorí ohun tó jẹ́ ẹ̀bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà, èrò kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí 520 pọ́ùn. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ju ìwọ̀n náà lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ní àlọ láti Èkó, òfin náà kan ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yúróòpù nìkan, ní àbọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ó kan gbogbo ilé iṣẹ́ láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ni ọkọ̀ ti dá dúró ní Lọ́ńdọ̀nù fún òru kan gbáko tí wọn kò béèrè ohunkóhun.

Aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì

Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń wọlé fún ẹni tó bá kàn fi àkókò ìgbéra yọ kúrò nínú àkókò ìgúnlẹ̀. Aago Nàìjíríà kì í yí. Ti Lọ́ńdọ̀nù ń yí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta dé ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, aago wọn àti tiwa dọ́gba, ní ìyókù ọdún, wọ́n fi wákàtí kan gbẹ̀yìn wa. Nítorí náà, ọkọ̀ tó gbéra ní Èkó ní aago 11 alẹ́ yóò gúnlẹ̀ ní aago 5 ààbọ̀ ìdájí ní oṣù keje, ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní, aago 4 ààbọ̀ ni wọn yóò kọ, bí ẹni pé ọkọ̀ náà sáré sí i. Kò sáré sí i. Doha, Istanbul àti Addis Ababa fi wákàtí 2 ṣáájú wa, Casablanca sì dọ́gba pẹ̀lú wa ní gbogbo ọdún àyàfi ní oṣù Ramadan, nígbà tí Mòrókò máa ń dá aago rẹ̀ padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ẹ yí gbogbo àkókò tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì padà sí aago Àkúrẹ́ kí ẹ tó kà á.

Nígbà tí ó yí kan ìyá mi fúnra wọn láti lọ, bí mo ṣe ṣe é nìyí. Oṣù keje ni. Mo gbé tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta síwájú mi, mo sì ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ilé wa ní Àkúrẹ́ dé ilé àbúrò mi ní Woolwich. Èyí tó gba Doha jẹ́ wákàtí 36. Èyí tó gba Casablanca jẹ́ wákàtí 30, torí ìdúró wákàtí 4. Ti tààrà, tó ń gbéra lálẹ́ lọ sí Heathrow, jẹ́ wákàtí 25 ààbọ̀, òun ló sì wọ́n jù. Àwa ọmọ mẹ́rin dá owó ìyàtọ̀ náà. Màámi kúrò ní Àkúrẹ́ ní aago 7 àárọ̀ lójú títì, wọ́n dé Èkó lẹ́yìn aago 1 ọ̀sán, wọ́n sinmi nílé ẹbí wa kan ní Ìkẹjà, wọ́n jẹun, wọ́n sì wọ pápákọ̀ ní aago 7 alẹ́. Mo ti béèrè ẹni tí yóò fi kẹ̀kẹ́ tì wọ́n nígbà tí mo ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà wọn kò tò. Ní aago 8 ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò mi fi fídíò ránṣẹ́. Màámi jókòó sórí àga ní pálọ̀, ọmọ tuntun wà lórí ẹsẹ̀ wọn, sálúbàtà tí wọ́n wọ̀ kúrò ní Àkúrẹ́ sì ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn.